Ọkọ̀ Oníkùn Méjì àti Àwọn Tó Kọ̀ Ọ́

Ní oṣù kẹfà ọdún 1876, wọ́n ṣe ìdíje ọkọ̀ onígbòkun ní New York láti fi sàmì ọgọ́rùn-ún ọdún òmìnira Amẹ́ríkà. Nathanael Herreshoff, ọmọ Bristol ní ìpínlẹ̀ Rhode Island, gbé ọkọ̀ kan wá tó yàtọ̀ sí tàwọn tó kù. Amaryllis ló pè é. Ikùn méjì tó tẹ́ẹ́rẹ́ ló ní, tí igi ìdábùú so pọ̀, ó sì já gbogbo wọn sílẹ̀. Àwọn tó pàdánù fẹjọ́ sùn pé kì í ṣe irú ọkọ̀ tiwọn, wọ́n sì gba ipò kìíní lọ́wọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé òyìnbó ti ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn kátámáráànì, ìyẹn ọkọ̀ oníkùn méjì, wọ́n á ní Herreshoff ni baba ẹ̀. Àárín ìtàn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Èrò tèmi ni pé òkun kọ́ ló kọ ọkọ̀ oníkùn méjì. Àwọn tó ń ṣòfin ìdíje ló kọ̀ ọ́. Níbi tí wọ́n ti ń fi í kó èèyàn àti ẹrù, kò sẹ́ni tó bá a ṣẹjọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo Òkun Pàsífíìkì. Kí òyìnbó kankan tó fojú kan omi yẹn ni àwọn ará Polinéṣíà ti tẹ Hawaii, Rapa Nui àti New Zealand dó, tàwọn tìyàwó, tọmọ, tadìyẹ, àti kókò tí wọ́n fẹ́ gbìn. Irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kò ṣeé kó sínú ọkọ̀ tóóró kan. Ńṣe ni wọ́n so ikùn méjì pọ̀, wọ́n tẹ́ pákó sórí ẹ̀, wọ́n sì pa àtíbàbà sórí pákó. Wọn ò lo ìṣó. Wọ́n á lu ihò sí etí pákó, wọ́n á fi okùn tí wọ́n yí látinú èèpo àgbọn rán an, wọ́n á wá fi oje igi gbẹ̀rẹ́fútù dí ojú ibi tí wọ́n rán kí omi má baà wọlé. Okùn yìí náà ni wọ́n fi ń di ìdábùú mọ́ ikùn méjèèjì. Bí ìgbì bá gbé ikùn kan sókè tí èkejì wà nílẹ̀, okùn á fà díẹ̀, á tún padà sáyè ẹ̀. Ohun tó le gbagidi ni ìgbì ń ṣẹ́. Herreshoff náà kan ìṣòro yìí, ló fi ṣe oríkèé sí ìdábùú Amaryllis kí ikùn kọ̀ọ̀kan lè máa gun ìgbì tiẹ̀. Lójú tèmi, okùn ló sàn, nítorí ó ṣeé tún dì láàárín agbami.

Àwọn kan ti jiyàn pé ìjì ló kàn gbá àwọn èèyàn wọ̀nyẹn kiri. Ní 1976, Mau Piailug, ọmọ erékùṣù Satawal, fi ọkọ̀ oníkùn méjì tó ń jẹ́ Hōkūleʻa rin láti Hawaii dé Tahiti. Kò lo ohun èlò atọ́nà kankan. Ìràwọ̀ àti ìgbì ló ń wò, wọ́n sì gúnlẹ̀ láàárín nǹkan bí oṣù kan. Lóòótọ́, ohun èlò ayé òde òní ni wọ́n fi kan ikùn ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n okùn ni wọ́n fi di ìdábùú ẹ̀, àjò ọ̀hún kì í sì í ṣe ti ẹni tí ìjì ń gbá kiri.

Àtakò tó lágbára jù ni ti dídojúdé. William Petty kan ọkọ̀ oníkùn méjì ní Dublin, ó fi borí nínú ìdíje ní 1663, àmọ́ ìjì gbé òmíràn tó kàn mì ní 1665. Ọkọ̀ oníkùn kan tí wọ́n so òjé mọ́ nídìí lè dojú dé kó tún dìde. Kátámáráànì tó bá ti dojú dé kì í dá dìde. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí omi bá kún ọkọ̀ olójèé, ìsàlẹ̀ òkun ló ń lọ, nígbà tí kátámáráànì onípákó á ṣì léfòó. Ewu wà lọ́tùn-ún, ewu wà lósì. Àbùkù tí mo kà sí jù, tí àwọn alátakò kì í sábà dárúkọ, ni ẹrù àpọ̀jù: ikùn tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń rì wọlé kíákíá, ìgbì á wá máa gbá pákó láti ìsàlẹ̀. Síbẹ̀, James Wharram, ọmọ Manchester, kúrò ní Falmouth ní 1955 pẹ̀lú obìnrin méjì, ará Jámánì, nínú Tangaroa tó gùn ní mítà 7 àti díẹ̀, wọ́n sì dé Trinidad. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kan Rongo, tí wọ́n fi la Àtìláńtíìkì padà ní 1959. Nígbà tó yá, okùn lòun náà fi ń di ìdábùú.

Ọkọ̀ akérò ló wá borí àwọn alátakò. Ní 1990, Hoverspeed Great Britain, kátámáráànì alumíníọ̀mù onímítà 74 tí ilé iṣẹ́ Incat kàn ní Tasmania láti máa kó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, la Àtìláńtíìkì láàárín ọjọ́ 3, wákàtí 7 àti ìṣẹ́jú 54. Ó gba ife Hales, tí wọ́n ń fún ọkọ̀ akérò tó bá yára la Àtìláńtíìkì jù, èyí tó ti wà lọ́wọ́ ọkọ̀ United States láti 1952. Àwọn kan tún pariwo pé kì í ṣe irú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ife náà fún. Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹjọ́ America's Cup, ìdíje ọkọ̀ onígbòkun, ti dé kóòtù New York, nítorí Dennis Conner ti fi kátámáráànì na ọkọ̀ ńlá àwọn ará New Zealand ní 1988. Adájọ́ kan kọ́kọ́ gba ife lọ́wọ́ ẹ̀. Ní 1990, kóòtù tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà ní kó máa mú un lọ. Nígbà tó fi máa di 2013, ní San Francisco, kátámáráànì nìkan ni òfin ìdíje náà gbà láàyè.