Iṣẹ́ Epo Rọ̀bì àti Ọmọ Ilẹ̀ Ìgbómìnà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ iṣẹ́ epo rọ̀bì mu gan-an ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Bí wọ́n bá dárúkọ iṣẹ́ epo létí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ohun tó máa ń wá sí wọn lọ́kàn ni ẹ̀rọ ńlá lórí òkun, iná tí ń jó lójú ọ̀run, àti owó oṣù tí kò lẹ́gbẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ epo gbòòrò ju èyí lọ, àwọn tó sì ń rí iṣẹ́ níbẹ̀ kò gba ojú ọ̀nà kan ṣoṣo dé ibẹ̀.

Ìlú Òrò wà lójú ọ̀nà tó ti Ajàṣẹ́-Ìpo lọ sí Òmù-Àrán, ní ìpínlẹ̀ Kwara. Ó jìnnà sí òkun, ó sì jìnnà sí kànga epo. Síbẹ̀, ìbéèrè tí ọmọ Òrò ní lọ́kàn kò yàtọ̀ sí ti ọmọ Warri tàbí ti Port Harcourt: báwo ni ènìyàn ṣe ń rí iṣẹ́ epo? Inú ìtàn ni ìdáhùn rẹ̀ wà. Ẹni tí kò mọ bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí, kò lè mọ ibi tí yóò gbà wọlé.

Ilẹ̀ Àpáta àti Ilẹ̀ Epo

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí olùkọ́ là yé akẹ́kọ̀ọ́ ni ìdí tí epo kò fi sí ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. Orí àpáta líle, tó ti pẹ́ láyé gidigidi, ni ilẹ̀ náà dúró lé. Epo rọ̀bì kì í sábà gbé inú irú àpáta bẹ́ẹ̀. Inú ilẹ̀ tí omi gbé yanrìn àti amọ̀ wá kó jọ ní ìpele ìpele ni wọ́n ti ń rí i, níbi tí ohun abẹ̀mí kéékèèké ti kú, tí ẹrù ilẹ̀ àti ooru sì ti sọ wọ́n di epo láàrin àìmọye ọdún. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ti ẹnu odò Ọya, níbi tí odò náà ti ya wọ òkun. Ohun tí ilẹ̀ Ìgbómìnà fi di olókìkí ní tirẹ̀ ni àwọn ère òkúta rírọ̀ ti Èsìẹ́, tí iye wọn lé ní 1,000, tí ìjọba sì kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà fún ní 1945.

Nítorí náà, ọmọ ilẹ̀ yìí tó bá fẹ́ iṣẹ́ epo, rírìn ni yóò rìn. Ìrìn-àjò kò sì ṣàjèjì sí àgbègbè náà. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìlọrin ní 1908, tó gba Ọ̀fà kọjá, ọ̀nà Èkó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo wọn. Àwọn ará Ọ̀fà àti ọ̀pọ̀ Yorùbá mìíràn tilẹ̀ rìn títí dé ilẹ̀ tó di Ghana ní 1957. Wọ́n ṣòwò níbẹ̀, wọ́n bímọ níbẹ̀, títí ìjọba Busia fi pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ kó jáde. Ẹni tó ní ìmọ̀ tàbí iṣẹ́ ọwọ́ gbé e lọ sí ibòmíràn. Ẹni tó jẹ́ pé ìsọ̀ àti ẹrù nìkan ló gbójú lé fi púpọ̀ nínú wọn sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí kò gbọdọ̀ di ìgbàgbé nínú ọ̀rọ̀ tó kàn.

Bí Iṣẹ́ Náà Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ilẹ̀ Yorùbá gan-an ni wọ́n ti kọ́kọ́ wá epo ní Nàìjíríà. Ní 1908, ilé-iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ ilẹ̀ ní agbègbè Àràròmí, níbi tí ọ̀dà dúdú ti ń sun jáde láti inú ilẹ̀, ní apá ibi tó di ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1914 dá iṣẹ́ náà dúró. Ilé-iṣẹ́ Shell D'Arcy dé ní 1937, ó sì gba àṣẹ láti wá epo káàkiri orílẹ̀-èdè yìí. Wọ́n gbẹ́ kànga ní Ìhó, lẹ́bàá Owerri, ní 1951, wọn kò rí epo tó ṣeé tà. Ní 1956 ni wọ́n tó kan epo ní Oloibiri. Ní 1958, ọkọ̀ òkun àkọ́kọ́ gbé epo Nàìjíríà lọ sí òkè òkun.

Irú iṣẹ́ wo ni ọmọ Nàìjíríà rí nígbà náà? Pípa igbó, rírù ẹrù, títukọ̀, ìdáná àti iṣẹ́ ọdẹ ni ọ̀pọ̀ jùlọ. Díẹ̀ ló rí iṣẹ́ kíláàkì. Òyìnbó ni ẹnjiníà, òyìnbó ni onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta, òyìnbó ni ọ̀gá. Kì í ṣe pé ọmọ Nàìjíríà kò lọ́gbọ́n. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ń kọ́ni ní iṣẹ́ náà nílé, kò sì sí òfin tó fi ipá mú àwọn ilé-iṣẹ́ láti kọ́ni.

Òfin Tó Ṣí Ilẹ̀kùn

Òfin Epo Rọ̀bì ti 1969 ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ó là á sílẹ̀ pé láàrin ọdún 10 tí ilé-iṣẹ́ kan bá ti gba àṣẹ láti wa epo, ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ tó 75 nínú 100 láàrin àwọn ọ̀gá, àwọn amòye àti àwọn alábòójútó rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ dín sí 60 nínú 100 ní ipò kankan nínú wọn. Ní ti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti lébìrà, gbogbo wọn pátá ló gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè yìí.

Òfin lásán kò lè sọ ọmọ ènìyàn di ẹnjiníà. Nàìjíríà wọ ẹgbẹ́ OPEC ní 1971, ó sì dá ilé-iṣẹ́ epo tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún náà. Ní 1972 ni ìjọba dá Petroleum Training Institute sílẹ̀ ní Effurun, lẹ́bàá Warri, láti máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ àárín. Ní 1973 ni wọ́n dá owó ìrànwọ́ tí a mọ̀ sí PTDF sílẹ̀, tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti fi kàwé nílé àti lókè òkun. Ọdún 1973 náà ni ètò SIWES bẹ̀rẹ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ kó tó jáde ilé-ìwé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 1977 ni wọ́n dá NNPC sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó yẹ kí àwọn olùkọ́ ṣàkíyèsí. Ní 1976, nígbà tí owó epo ń wọlé, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ètò náà pe ọ̀pọ̀ olùkọ́ sí iṣẹ́. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ àgbà ti ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀ ní Òrò. Ilé-ìwé ti dúró ní Òrò kí ọ̀pọ̀ ọmọ ibẹ̀ tó lè ronú kan iṣẹ́ kànga epo. Inú kíláàsì ni ọ̀nà náà ti bẹ̀rẹ̀ fún wọn.

Ọ̀pá Epo Dé Kwara

Ilé ìfọpo àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Alesa-Eleme, lẹ́bàá Port Harcourt, ní 1965. Ti Warri tẹ̀ lé e ní 1978, ti Kàdúná ní 1980. Láti lè gbé bẹntiróòlù, kẹrosíìnì àti dísù káàkiri, ìjọba ri ọ̀pá epo mọ́lẹ̀ láti Atlas Cove ní Èkó, ó gba Mosimi àti Ìbàdàn kọjá, ó sì dé Ìlọrin, níbi tí wọ́n kọ́ àgbà epo ńláńlá sí ní Òkè-Òyì. Àwọn olè tí ń lu ọ̀pá àti àìbójútó ti mú kí iṣẹ́ ibẹ̀ máa dákẹ́ nígbà mìíràn. Síbẹ̀, ó kọ́ni ní ẹ̀kọ́ pàtàkì: ilẹ̀ tí kò ní kànga epo lè ní iṣẹ́ epo. Ẹni tí ń wọn epo, ẹni tí ń ṣọ́ ọ kó má gbiná, ẹni tí ń tún ẹ̀rọ ṣe, ẹni tí ń kọ ìṣirò, àti awakọ̀ tánkà, òṣìṣẹ́ epo ni gbogbo wọn.

Ìgbà Ọ̀pọ̀ àti Ìgbà Ọ̀wọ́n

Iṣẹ́ epo kò dúró sójú kan. Nígbà tí ìjọba fi owó Udoji kún owó oṣù ní 1974 sí 1975, ó dà bí ẹni pé ọrọ̀ náà kò ní tán. Àwọn ará Ghana fúnra wọn wá wá iṣẹ́ sí Nàìjíríà, títí ìjọba Shagari fi lé wọn ní oṣù kìíní 1983, nígbà tí nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí le. Àgbá epo kan tó lé ní 35 dọ́là ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 kò tó 15 dọ́là mọ́ ní 1986. Ọ̀pọ̀ tó gba ìwé-ẹ̀rí lọ́dún wọ̀nyẹn rìn títí bàtà wọn fi jẹ, wọn kò ríṣẹ́.

Agbára àwọn òṣìṣẹ́ epo tún hàn ní 1994. Ní oṣù keje ọdún náà, ẹgbẹ́ NUPENG, tí Frank Kokori jẹ́ akọ̀wé àgbà rẹ̀, daṣẹ́ sílẹ̀ kí ìjọba ológun lè gbà pé Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ló wọlé ìbò ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà 1993. Ẹgbẹ́ PENGASSAN dara pọ̀ mọ́ wọn. Bẹntiróòlù wọ́n káàkiri orílẹ̀-èdè. Ìjọba fi Kokori sẹ́wọ̀n títí di 1998. Ẹni tó bá ń wá iṣẹ́ epo, kí ó mọ̀ pé iṣẹ́ tó di ọrùn orílẹ̀-èdè mú ni.

Ẹ̀dùn Ọkàn Àwọn Onílẹ̀

Àríyànjiyàn kan wà tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Ta ló yẹ kó kọ́kọ́ rí iṣẹ́ yìí? Àwọn kan ní ti gbogbo Nàìjíríà ni epo, nítorí náà ẹ̀tọ́ ọmọ Òrò kò kéré sí ti ẹnikẹ́ni. Àwọn mìíràn ní ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ bà jẹ́, tí ẹja rẹ̀ kú, ni kó kọ́kọ́ jẹ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn Ìlàjẹ, tí wọ́n jẹ́ Yorùbá, fi hàn bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wúwo tó. Ní oṣù karùn-ún 1998, àwọn Ìlàjẹ tó lé ní 100 gun orí ẹ̀rọ ìwapo Parabe, tó jẹ́ ti Chevron, lórí òkun. Wọ́n ń béèrè iṣẹ́ àti owó gbà-má-bínú nítorí omi iyọ̀ tó wọ ilẹ̀ wọn. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù náà, àwọn ológun fi hẹlikọ́pútà tí ilé-iṣẹ́ náà háyà dé ibẹ̀, wọ́n sì yìnbọn pa ènìyàn méjì. Larry Bowoto, ọ̀kan nínú àwọn tó fara gbọta, àti àwọn mìíràn pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́ ní San Francisco ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kejìlá 2008, ìgbìmọ̀ adájọ́ dá ilé-iṣẹ́ náà láre. Iṣẹ́ ni àwọn ènìyàn náà wá lọ.

Láti ìgbà náà, òfin ti gbìyànjú. Òfin ti 2010 sọ pé ipò ọ̀gá tí ilé-iṣẹ́ lè fi pamọ́ fún àjèjì kò gbọdọ̀ ju 5 nínú 100, àti pé ọmọ Nàìjíríà nìkan ni wọn yóò gbà sí ipò kékeré àti ti àárín. Òfin ti 2021 ní kí ilé-iṣẹ́ máa ya 3 nínú 100 owó tó fi ṣiṣẹ́ lọ́dọọdún sọ́tọ̀ fún ìlú tó gbà á lálejò. Lábẹ́ òfin yìí náà ni NNPC fi di ilé-iṣẹ́ olókòwò ní 2022. Ọmọ Òrò tó bá dé ẹnu odò Ọya láti ṣiṣẹ́, kí ó rántí pé àlejò ni òun, kí ó má sì fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹni tó bá nílẹ̀.

Iṣẹ́ Tó Wà àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Rí I

Epo ti súnmọ́ ilé díẹ̀. Ní 2016, epo jáde láti inú òkun Èkó ní Aje, lẹ́bàá Badagry. Ní 2023, wọ́n ṣí ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, tí agbára rẹ̀ tó 650,000 àgbá lóòjọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣe dísù ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ó sì ṣe bẹntiróòlù lọ́dún náà.

Ọ̀nà mẹ́rin ni ènìyàn lè gbà dé ibi iṣẹ́ wọ̀nyí. Ọ̀kan ni ti yunifásítì: ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta, ìmọ̀ kẹ́míkà àti iṣẹ́ ẹnjiníà. Èkejì ni ti oníṣẹ́ ọwọ́: jíjó irin pọ̀, títí kan jíjó o lábẹ́ omi, iṣẹ́ iná mànàmáná, títún ẹ̀rọ ṣe, àti ìdáàbòbò òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ewu. Effurun ń kọ́ni ní púpọ̀ nínú wọn. Ẹ̀kẹta ni ti ọ́fíìsì: ìṣirò owó, òfin, rírà àti títà. Ẹ̀kẹrin ni ti olókòwò kékeré tí ń bá ilé-iṣẹ́ ńlá ṣe kọ́ńtíráàtì: oúnjẹ, ọkọ̀, aṣọ iṣẹ́, àtúnṣe.

Ìwé ìròyìn ni wọ́n fi ń kéde iṣẹ́ tẹ́lẹ̀; orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó pọ̀ jù sí lónìí. Àwọn oníjìbìtì sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tòótọ́ kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ń wá iṣẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ san owó fọ́ọ̀mù tàbí owó ọ̀gá kó tó gba lẹ́tà iṣẹ́, ẹ̀tàn ni.

Òtítọ́ kan kù tí kò yẹ kí olùkọ́ fi pamọ́. Ilé-iṣẹ́ epo ń mówó wọlé púpọ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn tó ń lò kò pọ̀ tó bí ariwo rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ẹ̀rọ ló ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá kàwé fún un ni yóò rí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ irin í jó lè jó o fún alágbẹ̀dẹ, fún akọ́lé àti fún ilé-iṣẹ́ ṣúgà. Ìmọ̀ kẹ́míkà kò mọ sídìí epo. Bí ilẹ̀kùn epo bá tì, ọwọ́ tó mọṣẹ́ kò ní ṣófo.

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ilẹ̀ àpáta ni ilẹ̀ Ìgbómìnà, oyin epo kò sì sí nínú rẹ̀. Àáké tí ọmọ ibẹ̀ yóò fi dé ibi tí oyin wà ni ìṣirò, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ ọwọ́. Ọwọ́ olùkọ́ ni àáké náà wà. Bí olùkọ́ bá pọ́n ọn dáadáa ní Òrò, ọmọ yóò lò ó ní Èkó, ní Warri tàbí ní òkè òkun. Bí kò bá sì pọ́n ọn, òfin tó fún ọmọ Nàìjíríà ní 75 nínú 100 ipò yóò wà nínú ìwé lásán, ẹlòmíràn ni yóò sì jókòó sórí àga náà.