Ọdún Mélòó Ni Olórí Ń Lò? Ìtàn Sáà Ààrẹ ní Ilẹ̀ Benin

Àwọn tí wọ́n fi òkè Ìdáàṣà ṣe ibi ìsádi ní ayé àtijọ́ kò ní ìwé òfin tí ó sọ iye ọdún tí olórí kan gbọdọ̀ lò. Síbẹ̀ wọ́n mọ̀, ju bí àwa ti mọ̀ lọ, bí ìjọba ẹnìkan ti lè gùn tó lójú ẹni tí ó ń sá fún un. Gezo jọba ní Àgbómẹ̀ láti ọdún 1818 títí di ọdún 1858. Glele ọmọ rẹ̀ gba ipò náà, ó sì wà níbẹ̀ títí di ọdún 1889. Ọdún 71 nìyẹn lọ́wọ́ bàbá àti ọmọ. Ẹni tí a bí sórí òkè ní ọdún tí Gezo gorí ìtẹ́ lè dàgbà, kí ó bímọ, kí ó sì rí ọmọ-ọmọ, kí ìbẹ̀rù ogun Àgbómẹ̀ má sì tíì kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ọdún 1886 ni ogun Glele fọ́ Kétu. Fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, iye ọdún tí olórí ń lò kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán.

Kì í ṣe pé àwa Yorùbá ní àṣà kíka ọdún fún olórí tiwa. Oyè ọba, oyè ìgbà ayé ni. A kì í sọ pé ọba parí iṣẹ́, pé ó wàjà ni a ń sọ. Ìwà ni àwọn baba wa ń ṣọ́, wọn kò ṣọ́ ọdún. Ní Ọ̀yọ́, bí ìjọba Aláàfin bá di ìnira fún ìlú, Baṣọ̀run àti àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì yòókù lè kọ̀ ọ́, kí wọ́n gbé igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹ ránṣẹ́ sí i, òun náà yóò sì mọ̀ pé ikú ló kù. Ìkóníjàánu tí ó lágbára ni èyí, ṣùgbọ́n ikú nìkan ni ọ̀nà tí ó ní láti yọ olórí kúrò. Olórí tí ó sọ oyè kalẹ̀, tí ó padà sílé láàyè, tí àwọn aládùúgbò sì ń kí i ní òpópónà, ohun titun ni nínú ìtàn wa. Orúkọ tí a fi ń pè é pàápàá, orúkọ ogun ni. Ọ̀dọ̀ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ni a ti yá a, ẹni tí àṣà Ọ̀yọ́ pa láṣẹ pé kí ó máa lọ sógun lẹ́ẹ̀kan ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta, kí ó ṣẹ́gun tàbí kí ó kú síbẹ̀.

Nígbà tí Dàhòmì gba òmìnira ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1960, olórí tí ó pẹ́ jù kọ́ ni ìṣòro rẹ̀. Kò sí olórí tí ó pẹ́ rárá. Hubert Maga láti àríwá ni Ààrẹ àkọ́kọ́. Àjàṣẹ́ wà lẹ́yìn Sourou Migan Apithy, Àgbómẹ̀ sì wà lẹ́yìn Justin Ahomadégbé. Àwọn mẹ́ta yìí ní agbègbè mẹ́ta, kò sì sí èyí tí ó fẹ́ jókòó sábẹ́ èkejì. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1963, Christophe Soglo tí í ṣe ọ̀gágun gba ìjọba lọ́wọ́ Maga. Apithy di Ààrẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1964, ó sì ti kúrò kí ọdún 1965 tó parí. Tahirou Congacou tí wọ́n fi dí àyè náà kò lo oṣù kan gbáko tí Soglo fi tún dé. Ní oṣù kejìlá ọdún 1967, àwọn ọ̀dọ́ ológun lé Soglo náà lọ. Alphonse Alley jókòó di oṣù keje ọdún 1968, nígbà tí àwọn ológun fi oníṣègùn kan, Émile Derlin Zinsou, jẹ Ààrẹ. Kò tíì pé oṣù 17 tí wọ́n tún fi yọ ọ́.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1970 wọ́n wá dá ọgbọ́n kan tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn dúró wò dáadáa. Wọ́n kó Maga, Ahomadégbé àti Apithy jọ sínú Ìgbìmọ̀ Ààrẹ kan ṣoṣo, wọ́n sì ní kí ẹnìkọ̀ọ̀kan ṣe alága fún ọdún méjì, kí ó sì fi àga sílẹ̀ fún ẹni tí ó kàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi ètò yìí rẹ́rìn-ín, wọn a ní ènìyàn mẹ́ta kò lè di orí kan. Èmi kò fi rẹ́rìn-ín. Maga lo ọdún méjì tirẹ̀ pé, nígbà tí ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún ọdún 1972 sì pé, ó dìde fún Ahomadégbé. Ìwé àdéhùn ló mú un dìde ní ọjọ́ yẹn, kì í ṣe ìbọn. Ó ṣeni láàánú pé Ahomadégbé kò lo oṣù mẹ́fà. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún náà, Mathieu Kérékou gba ìjọba, ìgbà Apithy kò sì dé mọ́ láéláé.

Láti ìgbà náà ni a ti bọ́ sí òdìkejì. Ní ọdún 1974 Kérékou kéde ẹ̀kọ́ Marx àti Lenin fún orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1975 Dàhòmì di Benin. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ni ó kù, kò sì sí iye tí a dá fún sáà olórí. Ìjọba náà wà bẹ́ẹ̀ títí owó fi tán ní báńkì, tí àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba ń ka oṣù láìrí owó oṣù, tí ìyanṣẹ́lódì sì kún ìgboro.

Àpérò Orílẹ̀-èdè tí ó wáyé ní Kútọnu láti ọjọ́ 19 sí ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1990, tí Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza ṣe alága rẹ̀, ni ó mú ìṣirò wọ inú ìjọba wa. Àwọn tí ó jókòó níbẹ̀ ti rí ìgbà tí àwọn Ààrẹ ń yára ṣubú, wọ́n sì ti rí ọdún 17 lábẹ́ ẹnìkan ṣoṣo. Òfin Ìpìlẹ̀ ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990 dáhùn sí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà: sáà ọdún márùn-ún, kí olórí lè ní àyè láti ṣiṣẹ́, a lè tún un yàn lẹ́ẹ̀kan péré, kí ó má baà ta gbòǹgbò. Wọ́n fi ọjọ́ orí kún un: ẹni tí kò tíì pé ọdún 40 kò lè du ipò, ẹni tí ó ti kọjá 70 kò lè dù ú pẹ̀lú.

Ìwé lásán ni òfin títí ẹni tí ó dùn yóò fi tẹ̀lé e. Ní ọdún 1991 Nicéphore Soglo borí Kérékou nínú ìdìbò, Kérékou sì lọ sílé. Ní ọdún 1996 ó padà wá, ó borí Soglo, Soglo náà sì lọ. Ṣùgbọ́n ọdún 2006 ni ìdánwò gidi. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, Kérékou ti lo ohun tí ó ju ọdún 28 lọ lórí àlééfà, ìjọba wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn kan sì ń gbà á níyànjú pé kí ó yí òfin padà. Àwọn ará ìlú fọn ìkéde kan káàkiri ní èdè Faransé pé « Touche pas à ma Constitution ». Sáà rẹ̀ ti pé méjì, ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá 70. Òfin ọjọ́ orí kan náà dí Soglo lọ́nà pẹ̀lú. Kérékou kò yí òfin padà; ó gbé ìjọba fún Yayi Boni ní oṣù kẹrin ọdún 2006. Yayi Boni lo ọdún 10 tirẹ̀, ó gbé e fún Patrice Talon ní ọdún 2016.

Kí a tó ka èyí sí ohun kékeré, ẹ jẹ́ kí a wo ìwọ̀ oòrùn. Àwọn Ifẹ̀ tí ó wà ní Atakpamé ní ilẹ̀ Tógò, ọmọ Yorùbá bí tiwa ni wọ́n. Gnassingbé Eyadéma gba ìjọba níbẹ̀ ní ọdún 1967. Òfin wọn ti ọdún 1992 fi sáà sí méjì bí tiwa. Ní ọdún 2002 wọ́n yọ ọ́ kúrò, Eyadéma sì kú lórí oyè ní ọdún 2005. Faure ọmọ rẹ̀ ló gbà á. Ní ọdún 2024 wọ́n tún yí òfin padà, láti oṣù karùn-ún ọdún 2025 sì ni Faure ti ń ṣe ìjọba gẹ́gẹ́ bí olórí Ìgbìmọ̀ Mínísítà, ipò tí òfin kò dá iye sáà fún. Ẹni tí a bí ní Atakpamé ní ọdún 1967 ti di àgbàlagbà báyìí láìmọ̀ ju ìdílé kan lọ. Paul Biya ti wà ní Kamẹrúùnù láti ọdún 1982, Obiang ní Guinea Alágedeméjì láti ọdún 1979. Amẹ́ríkà pàápàá kò kọ iye sáà sínú òfin rẹ̀ títí di ọdún 1951, lẹ́yìn tí Roosevelt ti wọlé ìdìbò lẹ́ẹ̀mẹrin.

Ní ti ilé wa, iye náà kò tíì sinmi. Ní ọdún 2011, Ilé-Ẹjọ́ tí ń ṣọ́ Òfin Ìpìlẹ̀ sọ pé a kò gbọdọ̀ gbé ọ̀rọ̀ iye sáà àti ọjọ́ orí lọ sí ìdìbò bẹ́ẹ̀ni tàbí bẹ́ẹ̀kọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2017, Talon fẹ́ kí ó di sáà kan ṣoṣo ti ọdún mẹ́fà. Ìbò 63 ni ó nílò nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, 60 ni ó rí. Ní ọdún 2019 wọ́n fi kún òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lo ju sáà méjì lọ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, àfikún tí mo gbà pé ó dára, nítorí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ jáde kí ó tún wọlé. Ṣùgbọ́n kíka ọdún nìkan kò tó: ní ìdìbò ọdún 2021, àwọn alátakò tí ó lágbára jù kò rí orúkọ wọn lórí ìwé ìdìbò.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, àwọn aṣòfin sọ sáà náà di ọdún méje, wọ́n sì fi í sílẹ̀ ní méjì. Àwọn tí ó gbè é lẹ́yìn ní ọdún márùn-ún kéré fún iṣẹ́ ńlá, pé kò pẹ́ tí Ààrẹ ń dé tí ó fi ń padà bẹ̀bẹ̀ fún ìbò. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún 10 ti di ọdún 14. Ẹni tí ó bá gba ìjọba ní ọdún 2026, tí a sì tún yàn án, ọdún 2040 ni yóò tó gbé e sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí ó bá wọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìdáàṣà ní ọdún 2026, ti ọdún 2040 yẹn ni ìdìbò Ààrẹ àkọ́kọ́ tí yóò dì.