Ojú Ọ̀run Tó Ẹyẹ Fò: Lórí Òde Ọdún àti Ẹni Tó Ń Fi Àga Oníkẹ̀kẹ́ Rìn

Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò le: sánmà fẹ̀, kò sídìí tí ẹyẹ kan fi gbọ́dọ̀ ti èkejì dànù. Bí oníṣòwò méjì bá ń jà nítorí oníbàárà, òwe yìí ni àgbà fi ń là wọ́n. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń ṣètò ọdún ìbílẹ̀ wa. Bí a bá bi wọ́n pé ibo ni ẹni tó ń fi àga oníkẹ̀kẹ́ rìn yóò wà lọ́jọ́ náà, wọn a ní kí a má ṣèyọnu, ààyè pọ̀, ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò. Òótọ́ ni pé ààyè pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹyẹ kì í gun àtẹ̀gùn kó tó dé ojú ọ̀run, kò sì sí gọ́tà lójú ọ̀nà rẹ̀.

Èrò tó wọ́pọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò jẹ́ kí òde ọdún ṣé e lọ fún irú wa. "Wọ́n á tẹ̀ ọ́ mọ́lẹ̀" ni àwọn ará ilé fi máa ń dá wa dúró. Èmi náà ń fi kẹ̀kẹ́ rìn, mo sì ti dé òde tó kún fọ́fọ́. Èrò a máa yà fún kẹ̀kẹ́. Bí ẹni tó wà níwájú bá ti gbọ́ "ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà," yóò yà, yóò sì bá wa sọ fún ẹni tó kàn. Ilẹ̀ ni kì í yà. Táyà ẹ̀yìn àga wa tóbi, ó sábà máa ń tó ínṣì 24. Ti iwájú kéré, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò ju ínṣì 5 sí 8 lọ. Táyà kékeré yìí ni yanrìn ń gbé mì, òun ni ẹrẹ̀ ń dì mú, òun náà ló ń há sáàárín irin tí wọ́n fi bo gọ́tà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n tì kì í fi agbára tì í síwájú nínú yanrìn. Yóò dà á sẹ́yìn díẹ̀ kí táyà iwájú lè kúrò nílẹ̀, tàbí kó yí i padà kó máa fi ẹ̀yìn fà á. Ohun tí èrò ń gbà lọ́wọ́ wa kì í ṣe ààyè, ìran ni. Ojú ẹni tó jókòó kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ sílẹ̀. Bí géńdé kan ṣoṣo bá dúró síwájú rẹ̀, ẹ̀yìn agbádá ni yóò wò títí ọdún yóò fi parí.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé a gbọ́dọ̀ ya oríṣi ọdún méjì sọ́tọ̀. Ìyàtọ̀ wọn ṣe pàtàkì fún wa ju ìyàtọ̀ ọdún àtijọ́ àti ti ìgbàlódé lọ. Ọdún kan wà tó ń wá bá ni. Òmíràn wà tó jẹ́ pé àwa là ń lọ bá a.

Ẹ wo ọdún egúngún. Egúngún kì í jókòó sójú kan kó ní kí ìlú máa bọ̀. Ó ń ti ìgbàlẹ̀ jáde, ó ń lọ láti agboolé dé agboolé, ó ń yà kí àwọn olóyè, ó sì ń dúró níwájú ilé baba tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Wọ́n á ti wọ baba náà láṣọ láàárọ̀, wọ́n á gbé e jókòó sí ìta. Baba á ta eégún lọ́rẹ, eégún á sì wúre fún un níṣojú àwọn ọmọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ṣe é ní ti àánú. Bí ọdún náà ṣe rí nìyẹn, òun ló gbé ìran dé ẹnu ọ̀nà baba. Àwọn tó ń sọ pé àṣà Yorùbá kò ro ti ẹni tí kò lè rìn mọ́ ọdún rẹ̀ kò tíì fara balẹ̀ wo ipa ọ̀nà tí egúngún ń tọ̀.

Ẹ̀yọ̀ Ìsàlẹ̀ Èkó náà jẹ́ ọdún tó ń rìn. Lọ́jọ́ rẹ̀, wọ́n máa ń ti títì láti ẹsẹ̀ afárá Carter dé gbàgede Tinúbú mọ́ ọkọ̀, kí Ẹ̀yọ̀ lè rí ọ̀nà gbà lọ sí Ìgà Ìdúngánrán, ààfin Ọba Èkó. Títì ọ̀dà tí kò sí ọkọ̀ lórí rẹ̀ ni ilẹ̀ tó sàn jù lọ tí táyà wa lè rí ní gbogbo Èkó. Ẹnìkan lè rán mi létí èèwọ̀: a kì í wọ bàtà níwájú Ẹ̀yọ̀, obìnrin kì í wé gèlè, a kì í dirun ṣùkú, a kì í mu sìgá, a kì í sì í gun kẹ̀kẹ́ tàbí alùpùpù. Ṣé kẹ̀kẹ́ tiwa náà wà nínú rẹ̀? Lójú tèmi, kò sí níbẹ̀. Ẹni tó ní ẹsẹ̀ ló ń gun kẹ̀kẹ́ kó lè ga ju ará yòókù lọ tàbí kó lè yá jù wọ́n lọ, ìgbéraga yẹn ni kò yẹ níwájú Ẹ̀yọ̀. Àga wa kò gbé wa ga ju ẹnikẹ́ni. Ẹsẹ̀ wa ni, kì í ṣe ohun ìgùn. Síbẹ̀, ó dára kí a mú ọ̀rọ̀ náà tọ àwọn àgbà ìgà lọ kí ọjọ́ tó pé, kí wọ́n fi tó àwọn ọmọ Ẹ̀yọ̀ létí, torí ojú pópó kì í ṣe ibi tí a ti ń ṣàlàyé fún ẹni tó mú ọ̀pá ọ̀pámbàtà dání.

Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil gbé ọdún tó ń rìn dání. Ní Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia, lóṣù kìíní ọdún, ogunlọ́gọ̀ máa ń fẹsẹ̀ rin nǹkan bíi kìlómítà 8 láti ìjọ Conceição da Praia dé ìjọ Bonfim. Àwọn obìnrin tó wọ funfun balau a máa da omi olóòórùn dídùn sórí àtẹ̀gùn ìjọ náà láti fọ̀ ọ́. Òṣàlá ni àwọn ọlọ́rìṣà ibẹ̀ ń bu ọlá fún lọ́jọ́ náà, Òṣàlá yìí sì ni Ọbàtálá wa. Ìta ni wọ́n ti ń ṣe é, ojú títì ni wọ́n gbà débẹ̀. Ó dùn mọ́ mi pé ti Ọbàtálá ni, nítorí òun ló ni wá. Ìtàn tí gbogbo ayé mọ̀ ni pé ó mu ẹmu yó nígbà tó ń mọ ènìyàn, ó sì mọ àfín, abuké àti arọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń dá ìtàn náà dúró sí, bí ẹni pé àṣìṣe ni a jẹ́. Apá kejì rẹ̀ ló ṣe pàtàkì: ẹni òrìṣà ni wọ́n ń pe àwọn wọ̀nyí, Ọbàtálá fúnra rẹ̀ ló ń ṣọ́ wọn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. N kò sọ pé àwọn baba wa kò ya irú wa sọ́tọ̀. Wọ́n yà wá, nígbà mìíràn ó korò. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ pé kí a má wá sọ́dún.

Ọdún tí à ń lọ bá ni iṣẹ́ wà. Láti ìgbà tí àwọn ilé iṣẹ́ onígbọ̀wọ́ ti wọ ọ̀rọ̀ ọdún, tí tẹlifíṣọ̀n sì ń fẹ́ ibi tí yóò gbé kámẹ́rà kalẹ̀ sí, ọ̀pọ̀ ìlú ló ti ń kó ọdún kúrò lójú pópó wọ inú pápá. Wọ́n á kan pèpéle, wọ́n á ta kánópì, wọ́n á fi okùn yí ibi tí àwọn èèkàn ìlú jókòó sí ká. Bí ọdún bá ti wọ inú ọgbà báyìí, àtẹ̀gùn ti wọ inú ọdún nìyẹn. Ìgbàlódé ni wọ́n ń pè é, ẹni tí eégún ìbá wá bá nílé sì ti di ẹni tó ń wo ọdún lórí fóònù.

Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde wà láàárín méjèèjì. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n ń ṣe é, àwọn régbérégbé á wọ aṣọ ẹgbẹ́ wọn, àwọn ìdílé Balógun á gun ẹṣin, wọ́n á sì kọjá lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti kí Ọba. Ẹni tó bá ń lé orí ìjókòó tó ga lè pàdánù. Ojú títì tí àwọn ẹgbẹ́ ń gbà bọ̀ ni kó dúró sí, kó tètè dé, kó wà lẹ́bàá ọ̀nà gan-an kí ẹnikẹ́ni má lè bọ́ síwájú rẹ̀. Kó jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń yìnbọn, nítorí ẹṣin lè ta, àga wa kò sì lè sáré yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀nà òṣùpá ni Iléyá ń tọ̀, nítorí náà nǹkan bí ọjọ́ 11 ló fi ń yá sí i lọ́dọọdún. Ní 2024, ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ni Ojúde Ọba bọ́ sí, nínú òjò. Nígbà tó bá ṣe díẹ̀ sí i, yóò padà sí ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ á sì le fún wa.

Ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo kò ní kúrò lásìkò òjò, torí oṣù kẹjọ ni tirẹ̀. Ẹni tó bá rò pé odò nìkan ni ọdún náà wà yóò banú jẹ́, nítorí inú igbó ni odò náà wà, ilẹ̀ ibẹ̀ rin, ó sì da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sétí omi. Ṣùgbọ́n ọdún Ọ̀ṣun ju ọjọ́ kan lọ. Ìwọ́pópó wà, tí Atáọ́ja, ọba ìlú náà, àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń gba àárín ìlú kọjá. Alẹ́ àtùpà olójúmẹ́rìndínlógún wà, tí Ọba ń jó yí i ká. Arugbá pàápàá, wúńdíá tó ń ru igbá ẹbọ, láàfin ló ti ń jáde. Ẹni tó bá rí i níbẹ̀ ti rí i. N kò fi èyí sọ pé kí a gbàgbé odò. Àwọn kan ní nítorí pé UNESCO ti kọ igbó náà mọ́ ogún àgbáyé láti 2005, a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀. Pákó tí a tẹ́ lọ sétí omi fún ọjọ́ náà, tí a kó kúrò lọ́jọ́ kejì, kò pa igi kankan lára, kò sì bí òrìṣà nínú.

Ní ìlú Òyìnbó, irú bíi níbi ọdún orin Glastonbury, wọ́n a máa kan pèpéle gíga fún àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ rìn kí ojú wọn lè ga ju ti èrò lọ. Ó dára, mo sì fẹ́ ẹ fún wa. Ṣùgbọ́n ẹni kan ṣoṣo ni wọ́n sábà ń gbà kó bá ni gòkè irú pèpéle bẹ́ẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá ẹbí rẹ̀ dá aṣọ kan náà, tí wọ́n wá gbé e lọ jókòó sí ọ̀tọ̀, kò tíì ṣọdún.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà. Lọ́jọ́ ọdún kan, mo wọ aṣọ ẹbí, mo fi fìlà dé e, ẹnìkan tí n kò mọ̀ rí sì fi náírà lé mi nítan, ó ní "Ọlọ́run á ṣàánú." Lójú kan náà, iwájú orí ni ó ń lẹ owó mọ́ fún ọkùnrin tó dúró tì mí. Owó ayọ̀ ni ti iwájú orí, sàárà ni ti itan. Ẹni tó fún mi kò ní ẹ̀tanú nínú, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ó ti yọ mí kúrò lára àwọn tó ń ṣọdún. Bákan náà ni àwọn tó ń sáré gbé ni gòkè àtẹ̀gùn láì bèèrè. Ẹni tí wọ́n gbé wọlé ń dúró de ẹni tí yóò gbé e jáde, ẹni tó wọlé fúnra rẹ̀ lè lọ tọ̀, kó sì padà.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí òwe. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò lóòótọ́, ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ọdún. Ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ bá wa wò. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2019 fún àwọn tó ni ilé tí gbogbo èèyàn ń lò ní ọdún 5 láti ṣe é kí àkàndá ẹ̀dá lè wọ̀ ọ́, ọdún 5 náà sì ti pé láti 2024. Ti ìpínlẹ̀ Èkó ti wà láti 2011. Bí pèpéle yín bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà 1, kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ẹ ó fi pákó ṣe gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12. Ẹ fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ gba kẹ̀kẹ́ sí tòsí. Ẹ ya etí títì kan sọ́tọ̀ níbi tí ọdún ń gbà kọjá, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹbí wa bá wa jókòó síbẹ̀. Ìwọ tí ò ń ka èyí, bí o bá rí wa níbẹ̀ nínú aṣọ ẹbí wa tí ijó dùn, iwájú orí ni kí o lẹ owó mọ́.