Arthur Wharton: Ọmọ Accra tó kọ́kọ́ fi bọ́ọ̀lù jẹun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Jamestown, ní Accra, ni wọ́n ti bí Arthur Wharton lọ́dún 1865.

Ẹ̀kọ́ ló bá dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ eré ìdárayá ló gbà á lọ́kàn. Lọ́dún 1886, ó sá eré 100 yáàdì láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10.

Lọ́dún 1889, ó di agbábọ́ọ̀lù Rotherham Town. Ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba owó oṣù nídìí bọ́ọ̀lù. Aṣọ́lé ni, àmọ́ ó máa ń gbá iwájú nígbà míì.

Lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, iṣẹ́ ìwakùsà ló ṣe. Nígbà tó kú lọ́dún 1930, sàréè tí kò ní àmì ni wọ́n sin ín sí.

Ọdún 1997 ni wọ́n tó kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Lọ́dún 2014, wọ́n gbé ère rẹ̀ sí St George's Park, níbi tí ikọ̀ England ti ń gbáradì.

Ẹ̀yìn ikú ni gbogbo ẹ̀yẹ náà dé.