Bí Owó Ṣe Ń Di Ìwádìí: Ìtàn Ẹgbẹ́ Kan Tí Kò Dákẹ́

Lóru, mo máa ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ bàbá mi àgbà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n lè jáde lọ tọ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí a bá béèrè, wọ́n á ní, “Ara àgbà ni.” Nígbà tí wọ́n yóò fi dé ọ̀dọ̀ dókítà, jẹjẹrẹ prostate, ẹ̀yà ara kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, ti ràn dé egungun wọn. A sin wọ́n lọ́dún tó kọjá.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ìtàn àwọn tí kò dákẹ́ ni mo fẹ́ sọ.

Ní ọdún 1996, Jonathan Waxman, dókítà tó ń tọ́jú jẹjẹrẹ ní Lọ́ńdọ̀nù, dá ẹgbẹ́ aláàánú The Prostate Cancer Charity sílẹ̀. Nígbà náà, ojú máa ń ti àwọn ọkùnrin ibẹ̀ náà láti dárúkọ àrùn yìí, owó ìwádìí rẹ̀ sì kéré. Ní ọdún 2012, ẹgbẹ́ náà yí orúkọ padà sí Prostate Cancer UK.

Báwo ni owó ṣe ń di ìwádìí? Ará ìlú ló ń dá púpọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn kan á sáré, àwọn kan á rìn ní ọ̀nà jíjìn, ọ̀rẹ́ àti ẹbí á sì dáwó nítorí wọn. Àwọn mìíràn á kọ ẹ̀bùn sínú ìwé ìpíngún. Lẹ́yìn náà, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì á kọ̀wé sọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe. Àwọn onímọ̀ mìíràn á yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Èyí tó bá dára jù ni wọ́n á náwó lé.

Ní ọdún 2023, ẹgbẹ́ náà kéde ìwádìí TRANSFORM, tí owó rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 42 pọ́ùn. Ìjọba dá mílíọ̀nù 16 níbẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ PSA lè dẹ́rù ba ẹni tí kò ṣàìsàn, ó sì lè fo ẹni tó ń ṣàìsàn. Nítorí náà, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àwòrán MRI àti àyẹ̀wò itọ́ ẹnu lè ràn án lọ́wọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin kan nínú 8 ni àrùn yìí ń mú. Láàárín aláwọ̀ dúdú, ọkùnrin kan nínú 4 ni. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní ó kéré tán, ẹnì kan nínú 10 tí wọ́n bá pè gbọ́dọ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Láti orí ẹni ọdún 50 ni wọ́n ti ń pè, ṣùgbọ́n aláwọ̀ dúdú lè bẹ̀rẹ̀ láti 45. Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ọmọ Yorùbá tó wà níbẹ̀.

Àwa náà mọ owó dá. Nígbà ìsìnkú bàbá àgbà, a dáwó màlúù, a dáwó aṣọ ẹbí. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dárúkọ àrùn tó pa wọ́n. Ohun tí ìtàn yìí kọ́ mi ni pé ọ̀rọ̀ ló ń ṣáájú owó: àrùn tí a kò bá dárúkọ, ta ni yóò dáwó lé e?

Bàbá mi ti pé ẹni ọdún 48. Mo ka àròkọ yìí fún wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá bi mí pé, “Ibo ni wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò náà?”