Bí a ṣe ń dá mọ́tò dúró ní Monday Market nígbà kan, àti bí òfin ṣe yí i padà

Ọmọ mi ló fa èyí tí mo fẹ́ kọ yìí. Ó gbé mi dé ẹ̀bá ọjà lọ́jọ́ kan, ó ní kí òun dúró díẹ̀ kí n sọ̀ kalẹ̀, kí n sì gbé páálí méjì tó wà lẹ́yìn mọ́tò. Kò tíì dúró tán tí wọ́n fi ń gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní kó máa lọ. Inú bí i gan-an. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ sọ fún mi, ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe níbí láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti dé?" Ọdún 2007 ni a bí i. Gbogbo ohun tó mọ̀ nínú ìlú yìí, lẹ́yìn wàhálà ni. Mo rí i pé mo ní láti kọ ọ́ sílẹ̀, torí àwa tá a mọ bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ ò pọ̀ mọ́.

Ọdún 1989 ni mo dé Maiduguri láti Ògbómọ̀ṣọ́, kò tíì pé ọdún méjì tí mo jáde ilé-ìwé girama. Àbúrò bàbá mi ni mo wá bá, abọ́ àti ìkòkò ló ń tà, òun náà ni mo ṣì ń tà di òní. Nígbà yẹn, tí oníbàárà bá wá láti Gwoza tàbí Monguno, á gbé mọ́tò rẹ̀ wá sí ẹnu ṣọ́ọ̀bù gan-an. Ẹ ò ní í gbàgbọ́. Á ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, a máa tò ó sí i bí ẹni to igi ìdáná, á mu omi tútù, á sanwó, á wá ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Lábẹ́ igi dongoyaro ni gbogbo mọ́tò máa ń wà, torí oòrùn Maiduguri kì í ṣe oòrùn tí èèyàn ń bá ṣeré. Ẹni tó bá tètè dé ló ń gba òjìji.

Kì í ṣe pé òfin ò sí o. Òfin wà. Ọlọ́pàá tráfíìkì wà, àwọn káńsù wà tí wọ́n ń já tíkẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n òfin owó ni. Tó o bá ti sanwó, o lè dúró títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé kí lo gbé sínú mọ́tò.

Bàbá mi kékeré máa ń sọ pé òyìnbó ló fa ojú ọ̀nà ìlú yìí gbòòrò bẹ́ẹ̀. Ìlú tuntun ni, ẹ má gbàgbé. Ọdún 1907 ni Shehu Garbai kúrò ní Kukawa wá sí Yerwa, àwọn òyìnbó sì wà nítòsí rẹ̀. Ẹni tó bá ti rìn ní Ìbàdàn tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ wa mọ ohun tí mò ń sọ: níbẹ̀, ilé ló kọ́kọ́ wà kí ọ̀nà tó wá wọ àárín wọn. Níbí, ọ̀nà àti igi ni wọ́n kọ́kọ́ tò. Lẹ́yìn náà, rélùwéè dé lọ́dún 1964. Kó tó dé, Nguru tàbí Jos ni ojú irin ti ń parí sí lápá ibí, lọ́rì ló kù tó ń kó ẹrù dé. Púpọ̀ nínú àwọn bàbá wa tó tẹ̀ dó sí Wulari àti Gwange, ọkọ̀ ojú irin ló gbé wọn wá, pẹ̀lú àpótí àti ẹní.

Ìyípadà òfin ọ̀nà tó tóbi jù tí bàbá mi kékeré fojú ara rẹ̀ rí ni ti 2 April 1972. Ọjọ́ Àìkú Àjíǹde ni. Ọjọ́ yẹn ni gbogbo Nàìjíríà kúrò ní ọwọ́ òsì, tá a bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Ní Èkó, èèyàn lè rò pé ìjọba kàn fẹ́ da ayé láàmú ni, ṣùgbọ́n níbí, gbogbo onílọ́rì ló mọ ìdí ẹ̀. Cameroon, Chad, Niger, ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo wọn, torí Faransé ló kọ́ wọn. Ẹni tó bá kó ẹrù gba Gamboru-Ngala kọjá, kó tó dé òdìkejì, ó ti ní láti yí ọwọ́ padà láàárín ọ̀nà. Bàbá mi kékeré ní fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí ẹlẹ́sẹ̀ bá fẹ́ sọdá, á wo ọ̀tún, á wo òsì, á tún wo ọ̀tún, á wá dúró. Ó ní ibi tí a ń dá mọ́tò dúró gan-an ló ṣòro fún àwọn awakọ̀ jù. Ẹsẹ̀ àtijọ́ ló ń gbé wọn lọ sí ẹ̀gbẹ́ òdì.

Mo rántí èyí torí ó jẹ́ kí n mọ̀ pé òfin ọ̀nà lè yí padà ní ọjọ́ kan ṣoṣo kí gbogbo èèyàn sì gbà, tí ìdí rẹ̀ bá yé wọn. Tí kò bá yé wọn ńkọ́? Ẹ rántí Èkó lẹ́yìn 1975, nígbà tí ìjọba sọ́jà ní kí mọ́tò máa jáde lọ́jọ́ kan fò lọ́jọ́ kan, gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà ara rẹ̀ bá ṣe parí. Àwọn olówó kàn lọ ra mọ́tò kejì tó ní nọ́ńbà òdìkejì ni. Súnkẹrẹ fàkẹrẹ tún pọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Maiduguri. Ọkọ̀ achaba ló kọ́kọ́ da ọ̀rọ̀ ìdúró rú fún wa. Láàárín 1990 sí 2010, ọ̀dọ́ tí kò bá níṣẹ́, achaba ni. Wọ́n á pọ̀ sí ẹnu ọ̀nà ọjà bí eéṣú, wọn kì í páàkì, wọn kì í lọ, wọ́n kàn wà níbẹ̀ ni, pẹ̀lú fèrè. A máa ń bú wọn. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbé wa relé? Nígbà tí wàhálà bẹ́ sílẹ̀ ní July 2009, tó sì tún padà wá lọ́nà mìíràn, orí ọ̀kadà ni àwọn tó ń yìnbọn pa ọlọ́pàá àti àwọn alàgbà ti ń ṣe é. Ẹni kan á wà á, ẹni kejì á yìnbọn. Ní July 2011 ni ìjọba ìpínlẹ̀, lábẹ́ Gọ́mìnà Kashim Shettima, fòfin de ọ̀kadà pátápátá nínú ìlú. Ọjọ́ kan náà ni ariwo wọn dákẹ́. Kẹ̀kẹ́ NAPEP ló gba ipò wọn. Òun náà dára, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ lójú, ẹ wo ó: kẹ̀kẹ́ kan gba ààyè ọ̀kadà mẹ́ta, ibi tí èrò bá ti na ọwọ́ sí i ló ti ń dúró, ì báà jẹ́ àárín títì.

Ní 14 May 2013 wọ́n kéde ìjọba pàjáwìrì ní Borno, Yobe àti Adamawa. Ẹ rántí pé fóònù ò ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Oníbàárà tó fẹ́ ra ọjà ní láti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Bí wọ́n sì ṣe ń wá ni ìdènà ń pọ̀ sí i lójú ọ̀nà, àpò yẹ̀pẹ̀, àgbá, sọ́jà níbí, àwọn ọmọ Civilian JTF tòun ti kóńdó lọ́hùn-ún.

Ibi tí mo fẹ́ dúró lé ni 1 July 2014. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, a wà nínú ààwẹ̀. Àárọ̀ ni, ọjà ń mura àtiṣí. Mọ́tò akẹ́rù kan tó kó èédú ló dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọjà. Èédú! Ta ló máa wo mọ́tò eléèédú lẹ́ẹ̀mejì? Abẹ́ èédú yẹn ni wọ́n gbé bọ́ǹbù sí. Ó lé ní ogún èèyàn tó kú, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àwọn ìyá àgbà tó ń ta ẹ̀pà àti nǹkan mímu. Ìyá elẹ́pà kan wà tó máa ń jókòó sí ibi tí mo máa ń páàkì pick-up mi sí. Kanuri ni, kò gbọ́ Yorùbá, èmi náà ò gbọ́ Kanuri tó bó ṣe yẹ, Hausa la fi ń bára wa sọ̀rọ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ dí ààyè mi, á lé e lọ, á ní olówó rẹ̀ ń bọ̀. Ọdún mẹ́jọ la fi jọ wà bẹ́ẹ̀. Wọn ò rí nǹkan púpọ̀ sin nínú rẹ̀. Mi ò fẹ́ sọ jù báyìí lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, mọ́tò tó dúró tí kò sẹ́nikẹ́ni nínú rẹ̀ ti di ohun ẹ̀rù. Wọ́n lé gbogbo mọ́tò jìnnà sí ògiri ọjà. Kì í ṣe àwa nìkan la ti rí irú rẹ̀ o. Ní Belfast, nílùú àwọn Irish tó wà lábẹ́ ìjọba Britain, láàárín 1970 sí 1980, bọ́ǹbù inú mọ́tò pọ̀ débi pé wọ́n fi àmì sí àwọn títì àárín ìlú pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi mọ́tò sílẹ̀ níbẹ̀ láìsí èèyàn nínú rẹ̀. Kí ni àwọn èèyàn ṣe? Wọ́n á fi ìyá àgbà tàbí ọmọ sínú mọ́tò, wọ́n á lọ ra nǹkan wọn. Ọgbọ́n ìgbà yẹn ni pé ẹni tó gbé bọ́ǹbù ò ní í jókòó tì í. Ó ṣiṣẹ́ fún wọn.

Níbí, kò ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní 25 November 2014, obìnrin méjì ló gbé e sára wọ inú Monday Market. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, ní 1 December, ó tún ṣẹlẹ̀. Ní 10 January 2015, ọmọdébìnrin tí wọ́n ní kò ju bí ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Ní 7 March, Monday Market, ọjà ẹja Baga Road, àti Borno Express, lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kò sí òfin ìpáàkì tó lè dá èyí dúró. Ara èèyàn ló ń rìn wá. Síbẹ̀ òfin mọ́tò ò yí padà, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, torí bọ́ǹbù inú mọ́tò tóbi ju ti ara lọ.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí òfin yẹn ná àwa oníṣòwò, torí àwọn tó ń sọ pé "ṣebí ẹ̀mí ló ṣe kókó" kì í gbé ẹrù. Tírélà tó kó ọjà mi láti Èkó ò lè sún mọ́ ọjà. Á já ẹrù sí ibi tó jìnnà, mọ́tò kékeré á kó o dé ibi tí wọ́n ti dá a dúró, ọmọlanke á wá gbé e wọlé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mò ń sanwó lórí ẹrù kan, abọ́ tó bá fọ́ lọ́nà, tèmi ni. Oníbàárà tó ń ra dọ́sìnnì mẹ́wàá tẹ́lẹ̀ wá ń ra èyí tó lè gbé sínú kẹ̀kẹ́. Àmọ́ ṣá, àwọn ọmọ oníbárò àti ọlọ́mọlanke rí jẹ. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ àwọn tí ogun lé wá láti Bama, Konduga, Kukawa. Ó lé ní mílíọ̀nù kan èèyàn tó sá wọ ìlú yìí. Tí wọ́n bá ṣí ẹnu ọ̀nà ọjà fún mọ́tò padà lọ́la, àwọn yẹn ló máa kọ́kọ́ sunkún. Mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí àfi ìgbà tí ọ̀kan nínú wọn sọ ọ́ lójú mi.

Ẹ̀bi tèmi náà ńkọ́? Ṣáájú bọ́ǹbù, pick-up mi máa ń wà níwájú ṣọ́ọ̀bù láti aago méje àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Gbogbo wa là ń ṣe bẹ́ẹ̀. A wá ń pariwo pé oníbàárà ò ráàyè dúró. Mo kà nípa ìlú Oklahoma ní Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ri ẹ̀rọ tó ń gba owó ìpáàkì mọ́lẹ̀, ní July 1935. Ohun tó fà á ni pé àwọn òṣìṣẹ́ àárín ìlú ń gbé mọ́tò síwájú ṣọ́ọ̀bù látàárọ̀ dalẹ́, oníbàárà á sì yí títí, á lọ. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Ọ̀rọ̀ wa gẹ́lẹ́ ni.

Ẹnì kan máa sọ pé iná 26 February 2023, ọjọ́ kejì ìbò ààrẹ, fi hàn pé kí mọ́tò jìnnà sọ́jà. Ẹ jọ̀ọ́, ká sọ òótọ́. Kílẹ̀ tó mọ́ ni iná yẹn ti jó, kò sí oníbàárà, kò sí mọ́tò tó páàkì. Ìpáàkì ò lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ti omi 10 September 2024 náà, ìdídò Alau ló já. Ṣùgbọ́n tí irú iná yẹn bá ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án, tí kẹ̀kẹ́ ti dí gbogbo ojú ọ̀nà bó ṣe ń dí i báyìí, ibo ni mọ́tò panápaná máa gbà?

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ nínú ìpàdé wa pé ká má kàn lọ bẹ ìjọba pé kí wọ́n "ṣí ọ̀nà". Ká bẹ̀ wọ́n fún wákàtí kan tàbí méjì láàárọ̀ kùtù, kí oníbàárà tó dé, kí mọ́tò ẹrù tí wọ́n ti yẹ̀ wò wọlé já ẹrù, kó sì jáde. Kí kẹ̀kẹ́ ní ibi ìdúró tirẹ̀ tí a fi ọ̀dà yà sílẹ̀. Kí àgbàlagbà àti aláìsàn ní ibi tí wọ́n ti lè sọ̀ kalẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ń gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì fún wọn. Àwọn ìyókù wa, títí kan èmi, ká máa fẹsẹ̀ rìn. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ò fẹ́ èyí, wọ́n ní mo ti gbàgbé bí a ṣe ń tajà. Mi ò gbàgbé.

Mo sọ gbogbo èyí fún ọmọ mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó bi mí pé ibo gan-an ni ìyá elẹ́pà yẹn máa ń jókòó sí. Mo fi hàn án ní ọjọ́ kejì. Ibi tó ti ń já mi sílẹ̀ báyìí tó ìrìn ìṣẹ́jú méje sí ṣọ́ọ̀bù, orúnkún mi ń dùn mí, ṣùgbọ́n mò ń rìn ín. Pick-up náà wà nílé ní Wulari.