Ọmọ Ìdálẹ̀ ní Ọwọ́ Alágbàtọ́: Èjìgbò àti Abidjan

Ọ̀rọ̀ méjì ni Yorùbá ń lò fún ọmọ tí a gbà láti ọwọ́ ẹlòmíràn, ìtumọ̀ wọn kò sì dọ́gba. Èkíní ni àgbàtọ́. Èyí ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀: a gba ọmọ, a tọ́ ọ, ṣùgbọ́n orúkọ bàbá rẹ̀, oríkì ilé rẹ̀ àti èèwọ̀ ìdílé rẹ̀ kò kúrò lára rẹ̀. Èkejì ni ìsọdọmọ, ọ̀rọ̀ tí púpọ̀ nínú wa kọ́kọ́ bá pàdé nínú Bíbélì. Nínú ìsọdọmọ, ọmọ ẹlòmíràn di ọmọ ẹni pátápátá, a fún un ní orúkọ tuntun, a sì fún un ní ẹ̀tọ́ sí ogún. Èkejì yìí ni ilé ẹjọ́ mọ̀. Èkíní ni Èjìgbò mọ̀, òun ni wọ́n sì ti ń lò láti ìran dé ìran láàárín ìlú wọn àti Côte d'Ivoire.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn ọmọ Èjìgbò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòwò dé ilẹ̀ náà, tí ó wà lábẹ́ àwọn Faransé nígbà náà. Ojú irin tí àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í là láti Abidjan ní 1904 ṣí ọ̀nà ọjà sílẹ̀. Àwọn oníṣòwò wa tẹ̀dó sí Agboville, sí Bouaké, àti sí Treichville ní Abidjan fúnra rẹ̀. Anàgó ni àwọn onílẹ̀ ń pè wọ́n. Ẹni tí ó bá dé Èjìgbò lónìí, kí ó má ṣe jẹ́ kí ẹnu ya òun bí ó bá gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń fi èdè Faransé nájà. Ọkọ̀ ń ti ibẹ̀ lọ tààrà sí Abidjan, ó ń gba Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà kọjá, ẹnubodè mẹ́rin ni.

Nínú ọkọ̀ wọ̀nyí ni àwọn ọmọ ń bá wá. Ìyá tí ó ń jókòó sí ọjà láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ kò ráyè ọmọ. Bàbá sì ń fẹ́ kí ọmọ òun mọ ìkúnlẹ̀ kí àgbà. Àwọn ọmọ mìíràn ń ti Èjìgbò lọ sọ́hùn-ún láti lọ gbé lọ́dọ̀ ìbátan, n kò sì ní bo èyí mọ́lẹ̀: a rí nínú wọn tí a pè ní ọmọ ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe kò yàtọ̀ sí ti ìwọ̀fà.

Àwọn àgbà ní ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í bá a wò ó. Òwe náà kò sọ ohun tí igba ènìyàn yóò ṣe bí ẹni tí ó bímọ bá wà ní ilẹ̀ òkèèrè, tí wọn kò sì mọ ìgbà tí yóò dé.

Mo rí irú rẹ̀ ní agboolé wa nígbà tí mo wà ní kékeré. Awakọ̀ kan sọ ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ọdún méje kalẹ̀, ó fi í lé ìyá bàbá mi lọ́wọ́ pẹ̀lú àpò aṣọ kan àti kásẹ́ẹ̀tì kan. Ọmọ orogún rẹ̀ tí ó ti di olóògbé ni bàbá ọmọ náà. Inú kásẹ́ẹ̀tì ni ó ti jẹ́ gbogbo iṣẹ́ tí ó fẹ́ jẹ́, nítorí òun kò mọ̀ ọ́n kọ, ìyá àgbà kò sì mọ̀ ọ́n kà. Ó kí agboolé tán, ó ní kí wọ́n má ṣe fún ọmọ náà ní ata púpọ̀, ó sì ní òun yóò wá mú un láìpẹ́. Ọ̀rọ̀ "láìpẹ́" yìí ni ó da ìyá àgbà láàmú. Ṣé oṣù mẹ́ta ni àbí ọdún mẹ́wàá? Ṣé kí ó fi ọmọ sí ilé ìwé ni, tàbí kí ó dúró? Ǹjẹ́ ọmọ náà ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára? Bí àìsàn bá kọlù ú lóru, ta ni yóò pàṣẹ ohun tí a ó ṣe? Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá díẹ̀, ṣùgbọ́n èdè Faransé ni ó fi ń sunkún. Bí ìyá àgbà bá fẹ́ rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, oríkì rẹ̀ ni í máa ń pè, ọmọ náà a sì máa wò ó bí ẹni pé ẹlòmíràn ni ó ń pè. Ó tó ọdún kan kí ó tó dáhùn. Nígbà tí yóò fi mọ́ ọn lára tán, ìyá àgbà kò fẹ́ gbọ́ ìró ọkọ̀ tí ó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́.

Ẹ jẹ́ kí á fi èyí wé ti Àìná, ọmọ Òkè-Ọ̀dàn, tí àwọn ọmọ ogun Dahomey kó lẹ́rú ní 1848. Ní 1850 ọba Ghezo fi í ta Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, lọ́rẹ. Forbes fi orúkọ ara rẹ̀ àti ti ọkọ̀ rẹ̀ sọ ọmọ náà: Sarah Forbes Bonetta. Ọbabìnrin Victoria ni ó gbọ́ bùkátà rẹ̀. Ní 1851 wọ́n rán an lọ sí ilé ìwé ní Freetown; ní 1855 wọ́n tún mú un padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó fẹ́ J. P. L. Davies ní Brighton ní 1862, ó sì kú ní Madeira ní 1880. Kò sí ẹni tí ó lè wá gba ọmọ yìí padà lọ́wọ́ ọbabìnrin. Ìyá àgbà tiwa kò ní irú ìdánilójú bẹ́ẹ̀, èmi kò sì rò pé ó yẹ kí alágbàtọ́ kankan ní in.

Ìṣèlú sì ń dá kún un. Ní ọjọ́ 18 oṣù Bélú 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó ẹrù wọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún Yorùbá ni ó bá ọ̀nà yẹn wálé, pẹ̀lú àwọn ọmọ tí kò mọ ìlú bàbá wọn rí. Ní Côte d'Ivoire, ogun bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ 2002, Bouaké sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀. Ìjà tún wáyé lẹ́yìn ìdìbò 2010 títí di 2011. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, ọmọ tí ó wálé fún ìsinmi lè di ọmọ ilé láìròtẹ́lẹ̀.

Lójú òfin, ọmọ náà kò sọnù. Òfin Côte d'Ivoire kì í ka ọmọ tí òbí rẹ̀ méjèèjì jẹ́ àlejò sí ọmọ onílẹ̀, ì báà jẹ́ Treichville ni a bí i sí. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sì ka ẹni tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà sí ọmọ ìlú, níbikíbi tí a bá bí i sí. Wàhálà wà nínú ìwé ẹ̀rí. Akọ̀wé tí ó gbọ́ Faransé a máa kọ Rafíù ní "Rafiou", a sì kọ Músíbáù ní "Moussibaou". Nígbà tí ọmọ bá dé Èjìgbò, olùkọ́ a kọ "Rafiu" sínú ìwé orúkọ. Nígbà tí ó bá di ọjọ́ ìdánwò tàbí ti ìwé ìrìnnà, àwọn òṣìṣẹ́ a máa béèrè ẹni tí "Rafiou" jẹ́. Alágbàtọ́ ni yóò lọ sí kóòtù lọ búra pé ọmọ kan ṣoṣo ni ó ń jẹ́ orúkọ méjèèjì.